Báwo ni àwọn ará Nẹ́dálándì àtijọ́ ṣe ń ya òdòdó, kí sì ni ìtumọ̀ rẹ̀? Ẹ bá mi dá sí i

Àdùnní_Aláwọ̀
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Oníbàárà mi kan n'Ìbàdàn ní kí n ya àwòrán òdòdó fún ìrántí màmá òun tó ti di olóògbé. Irú èyí tí àwọn ará Nẹ́dálándì yà ní nǹkan bí irinwó ọdún sẹ́yìn ló fẹ́: kí ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú, kí òdòdó kún inú ìkòkò, kí labalábá bà lé e, kí ìrì wà lórí ewé. Ó tún ní gbogbo ohun tí mo bá yà sí i gbọ́dọ̀ ní ìtumọ̀. Mo wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àtòjọ ṣáá ni mo ń rí: róòsì dúró fún ìfẹ́, lílì fún ìwà mímọ́, eṣinṣin fún ikú. Àtòjọ kan kì í sì í bá èkejì mu. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń rà á nígbà náà ṣe ń kà á? Ọgbọ́n wo ni wọ́n sì dá tí òdòdó yẹn fi ń tàn yanran nínú òkùnkùn? Ọ̀dà olóròóró ni mo ń lò, lórí kánfáàsì.

Díákónì_Abẹ́òkúta
Àdùnní, kí Olúwa tu oníbàárà rẹ nínú. Gbòǹgbò ọ̀rọ̀ yìí wà nínú Bíbélì. Oníwàásù ní asán inú asán, gbogbo rẹ̀ asán ni. Aísáyà orí ogójì ní koríko a máa rọ, ìtànná a sì máa rẹ̀. Àwọn tó ń ra àwòrán nígbà náà mọ ẹsẹ wọ̀nyí bí ẹni mowó, ìdí nìyẹn tí ẹ̀yà àwòrán kan fi wà tó jẹ́ pé asán ayé gan-an ni kókó rẹ̀. Jacob de Gheyn ya ọ̀kan ní 1603, ó wà ní Metropolitan Museum ní New York: agbárí òkú nínú ihò ògiri, òdòdó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìfóòfó ńlá kan sì léfòó lókè rẹ̀. Ní 1668, Maria van Oosterwijck kó òdòdó, agbárí àti ago oníyanrìn sórí tábìlì kan náà. Vienna ni ìyẹn wà.

Èyí tó máa ń wọ̀ mí lákínyẹmí ara jù ni èyí tí Jan Davidsz. de Heem àti Nicolaes van Veerendael jọ yà, tó wà ní Munich. Òdòdó kún ìkòkò, agbárí wà níbẹ̀, àgbélébùú Jésù náà wà níbẹ̀. Wọ́n wá kọ ọ́ sórí bébà kan nínú àwòrán náà pé òdòdó tó rẹwà ju gbogbo òdòdó lọ, kò sẹ́ni tó yíjú wò ó. Kristi ni wọ́n ń wí. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ pé òdòdó lásán ni wọ́n ń yà, má gbà.

Àlàmú_Ayàwòrán
Díákónì, ẹ ṣeun, kò sí irọ́ nínú ohun tí ẹ sọ. Àmọ́ ẹ kíyè sí i pé nínú gbogbo èyí tí ẹ dárúkọ, ayàwòrán fúnra rẹ̀ ló fi agbárí tàbí ọ̀rọ̀ kíkọ tọ́ka sí ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwòrán òdòdó ayé ìgbà náà kò ní agbárí, kò sì ní bébà. Tí wọ́n bá ń kọ ẹrù olóògbé sílẹ̀ láti pín ogún, "ìkòkò òdòdó" ni wọ́n ń kọ, ó parí. Àwọn ọ̀mọ̀wé gan-an kò fẹnu kò. Eddy de Jongh ní Utrecht lo ọ̀pọ̀ ọdún láti tú ìtumọ̀ tó fara sin nínú àwòrán àwọn ará Nẹ́dálándì síta. Svetlana Alpers ní Amẹ́ríkà yarí ní 1983, ó ní ohun tó jẹ àwọn ayàwòrán yẹn lógún ni kí wọ́n wo nǹkan fínnífínní kí wọ́n sì ṣàpèjúwe rẹ̀.

Èrò tèmi ni pé àtòjọ yẹn kò lè ràn ọ́ lọ́wọ́, Àdùnní. Labalábá lè rán ẹnì kan létí àjíǹde, nítorí pé kòkòrò ajẹwé ló jẹ́ kó tó di abìyẹ́. Ẹlòmíràn tó ń kó labalábá jọ sínú àpótí yóò kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé irú èwo nìyí. Àwọn méjèèjì lè dúró níwájú àwòrán kan náà, kí inú àwọn méjèèjì sì dùn. Ohun tí ó máa mú ìtumọ̀ dání ni bí o ṣe ya nǹkan náà. Lọ wo èyí tí Ambrosius Bosschaert yà ní nǹkan bí ọdún 1618, tó wà ní Mauritshuis, ilé àwòrán kan ní ìlú The Hague ní Nẹ́dálándì. Ìkòkò òdòdó lójú fèrèsé, ìlú jíjìnnà réré lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo rẹ̀ mọ́ kedere bí òwúrọ̀. Ṣùgbọ́n wo àwọn ewé: kòkòrò ti lu wọ́n ní ihò. Òdòdó kan ti já bọ́ sórí pẹpẹ fèrèsé, ìkarahun òkun sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ilé ẹ̀dá tó ti kú tipẹ́. Kò kọ ohunkóhun sílẹ̀, ẹni tó bá sì dúró wò ó pẹ́ yóò gbọ́.

Olùkọ́_Ewéko
Ẹ jẹ́ kí n mú tèmi wá láti ọ̀dọ̀ ewéko. Ìdì òdòdó tó wà nínú àwòrán Bosschaert yẹn kò sí láyé rí. Nílẹ̀ wọn, ìgbà ìrúwé ni túlíìpù ń tanná, róòsì di inú oṣù kẹfà, àwọn kan tún di ìgbà ooru wọn pátápátá. Kí ọ̀kan tó yọ, èkejì ti rẹ̀ dànù. Kò sì sí ẹ̀rọ amóhuntutù nígbà náà. Ẹni tó ní ọgbà nílé, tó bá wo àwòrán náà, ó mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé oṣù mẹ́ta mẹ́rin ni ayàwòrán kó sínú ìkòkò kan.

Ẹ tún wo túlíìpù funfun tó ní ìlà pupa fẹ̀ẹ̀rẹ̀fẹ̀. Láti ilẹ̀ Tọ́kì ni túlíìpù ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Carolus Clusius, onímọ̀ ewéko, dé Leiden ní 1593, ó sì gbìn ín sínú ọgbà yunifásítì ibẹ̀. Èyí tó bá ní ìlà yẹn ni wọ́n ń wá lójú méjèèjì, orúkọ èyí tó gbajúmọ̀ jù ni Semper Augustus. Àṣírí rẹ̀ ni pé àìsàn ló ń fa ìlà náà. Fáírọ́ọ̀sì ni, kòkòrò wẹ́wẹ́ tí ń fa omi ara ewéko mu ló ń gbé e láti ara ọ̀kan sí òmíràn. Ọdún 1928 ni Dorothy Cayley ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó fi hàn pé ó ń ràn. Fáírọ́ọ̀sì yìí a máa sọ iṣu túlíìpù di aláìlágbára, kì í jẹ́ kó bímọ tó bó ṣe yẹ, ìdí nìyẹn tó fi ṣọ̀wọ́n, tó sì fi wọ́n. Nígbà òtútù ọdún 1636 wọ 1637, àwọn ènìyàn ń tà, wọ́n ń rà, ìwé àdéhùn lásán ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ara wọn, iṣu náà ṣì wà nínú ilẹ̀. Oṣù kejì 1637 ni wọ́n pe ọjà ní Haarlem tí kò sẹ́ni tó dáhùn. Bẹ́ẹ̀ ni owó gọbọi ṣe wọmi.

Ẹwà tí gbogbo wọn ń dù, àrùn ni. Ayàwòrán kò mọ̀ pé fáírọ́ọ̀sì ni, àmọ́ ó ya àrùn náà láìku ìlà kan. Mi ò rò pé ìtumọ̀ kan jinlẹ̀ tó èyí nínú àtòjọ kankan.

Àdùnní_Aláwọ̀
Ẹ ṣeun gan-an ni, sà. Mi ò gbọ́ ọ rí. Àmọ́ tí wọn kì í bá tanná pọ̀, báwo ni ayàwòrán ṣe rí gbogbo wọn yà pọ̀? Ṣé láti inú orí ni?

Àlàmú_Ayàwòrán
Rárá o. Láti inú ìwé ìyàwòrán wọn ni. Nígbà tí túlíìpù bá yọ, wọ́n á ya túlíìpù sórí bébà, wọ́n á tọ́jú rẹ̀. Tí róòsì bá yọ, wọ́n á ya róòsì. Ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ ya àwòrán ńlá ni wọ́n á kó wọn jáde, kí wọ́n tò wọ́n. O lè rí i nínú iṣẹ́ Bosschaert: òdòdó kan náà, ìdúró kan náà, ìkarahun kan náà, nínú àwòrán tó ju ẹyọ kan lọ. Àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ mẹ́ta di ayàwòrán òdòdó, àbúrò ìyàwó rẹ̀ Balthasar van der Ast náà gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ ìdílé ni.

Àwọn kan wà tí wọn kò gbà láti lo bébà nìkan. Jan Brueghel àgbà, ará Antwerp ni, kì í ṣe ará Nẹ́dálándì, àmọ́ òun wà lára àwọn tó la ọ̀nà náà. Ó kọ̀wé sí Kádínà Borromeo ní Milan ní 1606 pé òun lọ sí Brussels nítorí àti ya àwọn òdòdó kan lójúkojú tí kò sí ní Antwerp. Jan van Huysum ti Amsterdam le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1742 ó kọ̀wé sí ẹni tó ń dúró de iṣẹ́ rẹ̀ pé òun kò tíì lè parí i, nítorí pé róòsì aláwọ̀ ìyeyè kò tíì yọ. Ọ̀kan nínú àwòrán rẹ̀ tó wà ní National Gallery ní London ní ọdún méjì lára, 1736 àti 1737. Ó dúró de ìgbà òdòdó mìíràn kó tó parí i.

Ó yá, ká sọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọwọ́.

Bosschaert fẹ́ràn láti ya tirẹ̀ sórí pákó tàbí sórí bàbà. Èyí tó yà ní 1619, tí ìkòkò rẹ̀ jẹ́ tánńganran Ṣáínà, tó wà ní Rijksmuseum ní Amsterdam, orí bàbà ni. Bàbà kì í fa òróró mu, kò sì ní ojú aṣọ, ìlà búrọ́ṣì tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù lọ á jókòó síbẹ̀ ketekete. Ìwọ tó ń lo kánfáàsì, kun ọ̀dà ìpìlẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, kí o máa fi sáǹpépà ha á láàárín wọn títí tí yóò fi jọ̀lọ̀.

Lẹ́yìn náà, má ṣe kun gbogbo kánfáàsì dúdú kí o tó gbé òdòdó lé e. Àṣìṣe tí mo ń rí lọ́wọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ nìyí. Dá àyè òdòdó sí, kí o kun dúdú yí i ká. Ọ̀dà olóròóró a máa mọ́ gaara sí i bó bá ti ń pẹ́. Tí dúdú bá wà lábẹ́ òdòdó funfun, bó pẹ́ bó yá dúdú náà á yọjú. Nínú àyè tí o dá sí, fi àwọ̀ kan ṣoṣo kun òdòdó kọ̀ọ̀kan. Kò sí ìmọ́lẹ̀, kò sí òjìji, kò sí iṣan ewé. Jẹ́ kó gbẹ.

Orí èyí tó gbẹ yìí ni ọgbọ́n wà. Tí òdòdó bá máa pupa, pupa tó mọ́lẹ̀, tó sì nípọn, ni wọ́n ń kùn sísàlẹ̀. Tó bá gbẹ tán, wọ́n á wá fi pupa mìíràn tó jẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí wọ́n ti fi òróró pò, tẹ́ ẹ lójú. Ìmọ́lẹ̀ á wọ inú èyí tó fẹ́lẹ́ lọ, á kan èyí tó mọ́lẹ̀ nísàlẹ̀, á padà síta. Ohun tí o rí tó ń tàn yẹn nìyẹn. Kò sí bí o ṣe lè po àwọ̀ kan ṣoṣo lórí páálí ọ̀dà rẹ tó máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ti túlíìpù abìlà yàtọ̀: funfun náà kò gbọ́dọ̀ tíì gbẹ tí wàá fi fa ìlà pupa sí i láti etí sísàlẹ̀, kí etí ìlà náà lè rọ̀ mọ́ funfun.

Ìmọ́lẹ̀ wọn sábà máa ń ti ọwọ́ òsì wá. Òdòdó méjì tàbí mẹ́ta láàárín ni wọ́n ń jẹ́ kó mọ́lẹ̀ gbòò, àwọn tó wà létí á máa wọ inú òkùnkùn lọ díẹ̀díẹ̀. Bí gbogbo òdòdó bá mọ́lẹ̀ bákan náà, àwòrán náà á tẹ́ pẹrẹsẹ.

Ìrì, nítorí pé oníbàárà rẹ bèèrè rẹ̀. Omi kò ní àwọ̀, nítorí náà àwọ̀ ewé tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni wàá lò. Ìhà tí ìmọ́lẹ̀ ti ń bọ̀ ni wàá kun ṣókùnkùn, kì í ṣe ìhà kejì, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ wọ inú omi, ó kóra jọ sí òdìkejì. Òdìkejì yẹn ni kí o jẹ́ kó mọ́lẹ̀. Fi òjìji tín-ín-rín sí ẹ̀yìn rẹ̀ lórí ewé. Ìparí rẹ̀ ni ẹ̀kán funfun kan ṣoṣo, kó nípọn díẹ̀, nínú apá tó ṣókùnkùn. Tí o bá fi funfun náà sí apá tó mọ́lẹ̀, kò ní jọ omi mọ́.

Ìyá_Ìbejì_Peckham
Bọ̀dá Àlàmú, ẹ kú àlàyé. Ẹ̀yin ará wa tó wà ní gúúsù London, Dulwich Picture Gallery kò jìnnà sí Peckham, van Huysum wà níbẹ̀. Ẹ̀yin tó wà ní apá Cambridge, Fitzwilliam Museum ní àwòrán òdòdó púpọ̀. Àdùnní, ìwọ tó wà nílé, Rijksmuseum gbé àwòrán wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ó tóbi débi tí o lè sún mọ́ èèrà tó wà lórí ewé. Dátà ló máa ná ọ.

Mo fẹ́ kí o mọ Rachel Ruysch. Obìnrin ni, wọ́n bí i ní 1664. Bàbá rẹ̀ Frederik jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ara ènìyàn àti nípa ewéko ní Amsterdam, ó kó ewéko, kòkòrò àti ẹ̀yà ara jọ sílé débi pé Peter ọba Rọ́ṣíà ra gbogbo rẹ̀ ní 1717. Àárín nǹkan wọ̀nyẹn ni ọmọ náà dàgbà sí. Ó pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ́n fi í sẹ́nu iṣẹ́ lọ́dọ̀ ayàwòrán òdòdó kan, Willem van Aelst. Ó fẹ́ ayàwòrán ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Juriaen Pool, ó bí ọmọ mẹ́wàá, kò sì gbé búrọ́ṣì sílẹ̀. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ ayàwòrán The Hague gbà wọlé, ní 1701. Ọba kékeré kan ní Düsseldorf ní Jámánì, Johann Wilhelm, fi í ṣe ayàwòrán ààfin láti 1708. Nígbà tó pé ẹni ọdún 83 ó ṣì ń yà, ó sì ń kọ ọjọ́ orí rẹ̀ sábẹ́ àwòrán pẹ̀lú ọlá. Fún ìrántí ìyá ẹni, mi ò rí ọ̀gá tí ọmọ lè kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ tó dára jù ú lọ.

Èmi náà ní ìbéèrè kan. Kí ló dé tí ewé inú van Huysum máa ń jọ aró?

Àlàmú_Ayàwòrán
Ìyá Ìbejì, ojú yín mú. Kò yà á bẹ́ẹ̀. Àwọ̀ ewé tí wọ́n ń lò, aró àti ìyeyè ni wọ́n ń pò tàbí kí wọ́n tẹ́ ìyeyè fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé aró. Ìyeyè náà, láti ara ewéko ni wọ́n ti ń rẹ́ ẹ jáde, oòrùn a sì máa pa á. Ó ṣí lọ, aró nìkan ló kù. Bákan náà ni àwọn róòsì kan tó ti pupa rí, tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di funfun báyìí, nítorí pé pupa tó fẹ́lẹ́ yẹn náà ń ṣí. Àwòrán tí wọ́n yà nípa ohun tí kì í pẹ́, òun gan-an ń rẹ̀ lọ.

Àdùnní, ohun tó kàn ọ́ nínú èyí ni kí o ka ara túùbù ọ̀dà kí o tó rà á. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kọ bí àwọ̀ náà ṣe lè fara da ìmọ́lẹ̀ tó. Má sì tẹ̀ lé wọn dórí funfun olójé, májèlé ni. Funfun titanium tó fún ọ.

Olùkọ́_Ewéko
Kí n tó lọ: ta ló sọ pé túlíìpù ni Àdùnní gbọ́dọ̀ yà? Ó ti rí túlíìpù lójúkojú rí bí? Brueghel rin ìrìn-àjò nítorí òdòdó kan tó fẹ́ wò. Àwọn ará Nẹ́dálándì náà ń ya ohun tí ọkọ̀ òkun gbé dé: marigold wá láti Mẹ́síkò, sunflower láti Amẹ́ríkà, ó sì wọ inú ìkòkò wọn. Bèèrè lọ́wọ́ oníbàárà rẹ ohun tí màmá rẹ̀ gbìn sílé. Bó bá jẹ́ híbískọ́ọ̀sì pupa ni, ọjọ́ kan péré ló ń gbé kó tó káko. Wàá ní láti máa já tuntun ní àràárọ̀.

Díákónì_Abẹ́òkúta
Mo fara mọ́ Olùkọ́ lórí èyí, ọkàn mi sì fà sí i ju agbárí lọ fún ìyá ènìyàn. Àmọ́ bó bá lè fi aago sí i bí van Aelst ṣe ṣe ní 1663, aago tí wọ́n ṣí sílẹ̀ sórí pẹpẹ mábù pẹ̀lú rìbọ́nnì aláwọ̀ aró, á dáa. Èyí wà ní Mauritshuis.

Àdùnní_Aláwọ̀
Mo ti pe oníbàárà mi. Híbískọ́ọ̀sì wà nínú ọgbà màmá wọn lóòótọ́, àti ẹ̀kọ̀ ọmọdé. Aago ọwọ́ màmá náà ṣì wà, wọ́n á gbé e wá kí n yà á. Mo máa ya òdòdó kọ̀ọ̀kan sórí bébà kí n tó kan kánfáàsì. Ìbéèrè kan ló kù: wọ́n ń fẹ́ kí n fi fáníìṣì kùn ún kó tó di ọjọ́ ìrántí, oṣù mẹ́ta sí ìgbà tí mo bá parí. Ṣé ó ti tó?

Àlàmú_Ayàwòrán
Kò tó. Bó bá gbẹ lójú, kò tíì gbẹ nínú, pàápàá ibi tí dúdú àti pupa fẹ́lẹ́ wà, àwọn yẹn ló ń pẹ́ jù. Dúró tó oṣù mẹ́fà, tó bá nípọn kó pé ọdún kan. Gbé e fún wọn lọ́jọ́ ìrántí láìní fáníìṣì, kí o sọ fún wọn pé wàá padà wá kùn ún. Má gbé e kọ́ ibi tí oòrùn ọ̀sán ń kàn, má sì fi aṣọ bò ó nígbà tó ń gbẹ, afẹ́fẹ́ ni òróró ń lò láti fi gbẹ.

Àdùnní_Aláwọ̀
Ẹ ṣeun, sà. Mo máa gbé àwòrán orí bébà wá síbí kí ẹ bá mi wò ó.